Ìpín Erin Àgbà

Àlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dáhùn: àlọ̀ o. Àlọ́ mi gba ọ̀nà odò, ó bá Erin àgbà níbẹ̀.

Erin yìí ló fẹsẹ̀ la ọ̀nà náà fún gbogbo ẹranko nígbà èwe rẹ̀. Ó wá darúgbó, eyín rẹ̀ ká tán. Ẹkùn ọba ní ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan ni kí wọ́n máa fún un lóṣù, nítorí kò ṣiṣẹ́ lọ́dún yìí.

Erin ní, "Kò burú, Kábíyèsí. Kí ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ gba ọ̀nà tí wọ́n là lọ́dún yìí." Ó dùbúlẹ̀ dí ọ̀nà, ó ń kọrin:

Mo lànà, ẹ ń rìn ín,
*Ìpín àgbà dà?*
Mo darúgbó, ebi ń pa mí,
*Ìpín àgbà dà?*

Ẹtu gba inú igbó, ẹ̀gún dá a padà. Ìmàdò gba àbàtà, ó rì dé ọrùn. Nígbà tí Ẹkùn fúnra rẹ̀ dé, gbogbo ẹranko ti ń gbe Erin lórin.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Orí iṣẹ́ àtijọ́ lẹ fẹ́ rìn yẹn, Kábíyèsí."

Ẹkùn rẹ́rìn-ín. "Ẹ borí mi. Láti òní, ẹni tó bá darúgbó nínú wa yóò máa gba agbọ̀n àgbàdo lílọ̀ kan lóṣù títí dọjọ́ ikú. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe sàárà."

Ìlú hó yèè. Ẹkùn ló ru agbọ̀n àkọ́kọ́ lọ sílé Erin.