Fọ́tò Tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Ya Ìyá Awó

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ ohùn yín o. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ ṣé. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò gun orí ọ̀pẹ, ó rí fóònù lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní òun ò lọ síbòmíràn mọ́. Bàbá Múyìbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná fóònù tiyín. Àwọn ọmọdé ti ń gbọ́ràn, ẹ̀yin àgbà ló kù.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń gbé pọ̀ ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́-Ọ̀mọ̀. Erin ni Baálẹ̀ wọn. Ìlú náà tòrò, oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹni tí yóò máa yà wọ́n ní fọ́tò. Bí wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ, bí wọ́n bá ṣílé, ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó. Bó bá di ọdún kejì, wọn a máa jiyàn lórí ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá.

Baálẹ̀ Erin wá ní kí wọ́n yan ayàwòrán ìlú. Ó ní nítorí pé ayàwòrán kì í ráyè jókòó jẹun níbi ìnáwó, àwo tirẹ̀ ni wọn yóò máa kọ́kọ́ bù, kí wọ́n tó bu ti Baálẹ̀ pàápàá. Ọ̀rọ̀ tí Erin sọ lọ́jọ́ náà pọ̀. Ó sọ nípa ìrántí, ó sọ nípa àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí igi, ọ̀rọ̀ àwo oúnjẹ nìkan ló gbọ́. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín, àwa náà mọ ibi tí etí tiwa ti máa ń là.

Ẹni méjì ló jáde pé àwọn fẹ́ iṣẹ́ náà. Ìgbín mú fóònù àtijọ́ kan wá, ojú rẹ̀ ti sán, kámẹ́rà ẹyọ kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí Ìgbín ti rí ọwọ́ tó fi dì í mú. Àlọ́ ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ gbé fóònù tuntun jáde, ó ń dán, kámẹ́rà mẹ́rin ló tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ojú alántakùn.

Baálẹ̀ ní òun ò ní tìtorí pé fóònù ń dán kí òun yàn án. Ó ní kí àwọn méjèèjì máa ya fọ́tò kiri ìlú fún oṣù kan gbáko. Fọ́tò ojoojúmọ́ ló fẹ́, kì í ṣe ti ọjọ́ ọdún: ẹni tó ń gúnyán, ẹni tó ń wẹ ọmọ, ọmọ tó ń sáré, ìdí ààrò tí èéfín ti bò. Bí oṣù bá pé, ìlú yóò sọ èyí tó dára jù.

Kí n má purọ́ mọ́ fóònù Ọ̀kẹ́rẹ́, fóònù gidi ni. Ó ríran nínú ìdí ààrò tó ṣókùnkùn. Bí ọmọ Ehoro ti ń sáré tó, ó mú un dúró sójú kan, etí rẹ̀ méjèèjì hàn kedere. Ti Ìgbín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ehoro tí Ìgbín yà dà bí èéfín tó ní ìrù. Ìgbín fúnra rẹ̀ kò fi bò. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tó bá ń sáré, kó jọ̀ọ́ dúró dè mí díẹ̀."

Ká ní Ọ̀kẹ́rẹ́ fi fóònù náà sílẹ̀ bó ṣe wà ni, àlọ́ ì bá ti parí síbí, ká lọ sùn. Ṣùgbọ́n ó rí ibì kan nínú kámẹ́rà náà tí wọ́n kọ "Ẹwà" sí. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, fóònù á dán ojú, á pa àpá rẹ́, á sì na gbogbo ibi tó bá hunjọ. Ara Ọ̀pọ̀lọ́ ló ti kọ́kọ́ dán an wò. Fọ́tò jáde, awọ Ọ̀pọ̀lọ́ tó rí págunpàgun ń dán bíi kòkò tuntun. Ọ̀pọ̀lọ́ wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé bí mo ṣe rí gan-an nìyí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín sínú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ta ló ń wá òtítọ́ nínú fọ́tò? Láti ọjọ́ náà kò pa Ẹwà mọ́. Imú Ẹlẹ́dẹ̀ di tín-ín-rín. Àgbò tó ti ń hewú padà di ọ̀dọ́. Wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀kẹ́rẹ́ pẹ̀lú ẹ̀pà àti àgbàdo sísè, bó bá sì ti ń yà wọ́n ló ń dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ni yóò ya ìlú yìí?
Ọ̀kẹ́rẹ́ ni.
Ojú tó hunjọ yóò dán.
Ọ̀kẹ́rẹ́ ni.
Ta la ó kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún?
Ọ̀kẹ́rẹ́ ni.

Ẹ ṣé. Ẹ gbè é dáadáa. Nígbà tí kò bá sí èrò lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ló ń dá a, òun náà ló ń gbè é.

Awó kan wà ní ìlú náà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun ló ń tọ́jú ìyá rẹ̀, arúgbó tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Awó. Ẹ mọ awó, ẹyẹ tí àmì funfun tótòtó bo gbogbo ara rẹ̀. Ti Ìyá Awó tún yàtọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ òsì, àpá ńlá kan wà níbẹ̀, ibi tí Àṣá ti họ ọ́ lọ́jọ́ tó ń gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó gbà sílẹ̀ náà ni Àjàdí, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró, tó ti wà ní òdìkejì odò láti ọdún méje.

Ojú ìyá yìí ń ṣókùnkùn lọ. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti fẹ́, ìríran rẹ̀ á tún dín kù. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí òun fi ojú ara òun rí Àjàdí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọyẹ́ ọdún yìí tó dé. Àwẹ̀ró ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ara ìyá le, kó tètè máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ba Àjàdí lẹ́rù.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí mọ ìdí rẹ̀. A kì í túfọ̀ òkú òbí fún ọmọ tó wà lájò. Ìyá lè ti kú, a ó ní ara wọn le, wọ́n kàn fẹ́ rí ọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Àparò, ọ̀rẹ́ Àjàdí. Ó délé, sàréè ló bá. Ìyá Awó kò sì gbọ́ ohùn orí fóònù dáadáa mọ́, àfi ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Àjàdí wá fèsì pé, "Àbúrò mi, má sọ fún mi pé ara wọn le. Ya ojú wọn kí n rí i. Ọjọ́ tí mo bá ti rí i náà ni n ó gbéra."

Àwẹ̀ró se ègbo, ó fi ìkòkò lé orí, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n pàdé Ìgbín lójú ọ̀nà. Ìgbín ní kí wọ́n dúró kí òun yà wọ́n, Àwẹ̀ró dúpẹ́, ó ní ó di ọjọ́ mìíràn. Ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọrí sí. Ta ni yóò ya ìyá rẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí kò ní lọ bá ẹni tí gbogbo ayé ń lọ bá?

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé ìyá jókòó sábẹ́ igi. Ó tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò jáde. Àmì tótòtó ti lọ, àpá ti lọ. Ẹyẹ dúdú kan tó ń dán ló jókòó síbẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n fi epo pa lára.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rí i. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò rí i. Ọkàn rẹ̀ ní kó pa Ẹwà kó tún un yà, kò lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí ìlú bá rí ojú arúgbó bó ṣe rí, wọn yóò fẹ́ mọ ohun tí òun ti ń ṣe sí ojú tiwọn látọjọ́ yìí. Òórùn ègbo sì ti dé imú rẹ̀.

Àwẹ̀ró wo fọ́tò náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ó dára o. Àmọ́, níbo ni àpá ìyá mi wà?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Àwẹ̀ró, ṣé ìwọ ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀ pé ò ń tọ́jú ìyá ni? Bó bá rí arúgbó tó hunjọ, kí ni yóò rò sí ọ?"

Ó bá a níbi tó ń dùn ún. Ẹni tó bá ń tọ́jú arúgbó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí ni, èèyàn a sì máa fẹ́ kí ẹnì kan rí i. Àwẹ̀ró fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí òdìkejì odò. Ọ̀kẹ́rẹ́ dojú kọ ègbo.

Fọ́tò dé ọwọ́ Àjàdí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àpá tí ìyá rẹ̀ gbà nítorí rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wá. Kò rí i. Ó wá àmì kan ṣoṣo, kò rí i. Ó ní háà, wọ́n ti sin ìyá òun, wọ́n wá gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí ìjókòó rẹ̀ kí òun má baà ṣubú lọ́nà. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bó bá jẹ́ pé ó gbà pé ìyá rẹ̀ wà láàyè ni, ọjọ́ náà ni ì bá gbéra. Ṣùgbọ́n àkọ́bí kì í lọ sin ìyá lọ́wọ́ òfo. Ó ní láti sọ fún àwọn àna rẹ̀, ó ní láti wá aṣọ dúdú, ó ní láti wá ẹ̀wà tí wọn yóò fi dín àkàrà òkú àgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń wá wọn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, àràárọ̀ ni Ìyá Awó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ojú ọ̀nà. Ọyẹ́ dé bá a níbẹ̀.

Oṣù pé. Ìlú péjọ síwájú Baálẹ̀ láti yan ayàwòrán. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wẹ̀, ó ti dé fìlà, ó ti yan ibi tí yóò jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Baálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni ẹkún bá sọ lójú ọ̀nà. Àjàdí ló ń bọ̀ níwájú, àwọn àna rẹ̀ tẹ̀lé e nínú aṣọ dúdú, agbọ̀n àkàrà wà lórí wọn. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn láti mọ ẹni tó kú.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àjàdí gbójú sókè, ó rí arúgbó kan tó ń ṣa àgbàdo jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀, àmì tótòtó lára rẹ̀, àpá lójú rẹ̀ òsì. Ẹkún gé mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìyá Awó ní, "Ohùn ta ni mo gbọ́ yẹn?"

Àjàdí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Èmi ni, Ìyá mi."

Ìyá dìde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmọ̀, ó tún padà. Ìgbà tí ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra ló tó rí òjìji ojú rẹ̀. Ó fi ìyẹ́ pa á lórí. Ó ní, "Ká ní o dé nígbà tí oṣù lé ni, ǹ bá ti rí ọ láti ẹnu ọ̀nà." Ọ̀rọ̀ yẹn dun gbogbo ìlú. Ó dun Ọ̀kẹ́rẹ́ náà, n kò ní fi ìyẹn dù ú.

Àjàdí ṣàlàyé, ó fi fọ́tò hàn. Baálẹ̀ wò ó, ó wo ìyá, ó gbé e yí ká ìlú, ó bèèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀lọ́ rọra ti fọ́tò tirẹ̀ sábẹ́ ìdí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní fóònù ló ṣe é.

Baálẹ̀ ní, "Fóònù ríran dáadáa. Ta ló ní kó má sọ ohun tó rí?"

Baálẹ̀ fi Ìgbín ṣe ayàwòrán ìlú, ó ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ pa Ẹwà lórí fóònù rẹ̀, kó sì yá Ìgbín ní fóònù náà. Àwọn àna Àjàdí wá ń bèèrè ohun tí àwọn yóò ṣe sí àkàrà. Ìyá Awó ní kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó ní, "Gbogbo yín ni wọ́n máa dín tiyín, ẹ ò sì ní tọ́ ọ wò. Èmi tọ́ tèmi wò. Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀." Ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìgbín ya ìyá àti ọmọ pọ̀. Ojú Àjàdí wú fún ẹkún, fóònù mú un bó ṣe wú. Wọ́n gbé fọ́tò náà fún ìyá, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó sún un sẹ́yìn, kò rí i. Ó ní kí wọ́n pe Ọ̀kẹ́rẹ́ wá jókòó ti òun.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo ní ojú. Sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ka àmì ara Àjàdí láti orí dé ìrù. Má fò ọ̀kan, má sì bù kún un."

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ka àmì ara awó tán rí? Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí. Òórùn àkàrà gbà á nímú, ó ṣì í kà, ìyá ní kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ìlú jẹun, wọ́n fọ abọ́, wọ́n ká ẹní. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì wà ní ọrùn.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tó bá fẹ́ràn wa, ojú wa gan-an ló ń wá, tòun ti àpá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù ya ará ilé rẹ̀, kó yà á kí ará ilé mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dán àlọ́ yìí ju bó ti rí lọ, ẹ̀pà tí n ó pa lọ́la, kí n má bá ọmọ nínú rẹ̀.