Bí Ìjàpá Ṣe Fi Ọsàn Tan Ọkọ̀ Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ ti dé o!
Kó máa bọ̀, à ń gbọ́!

Àlọ́ mi yìí kò lọ jìnnà, ojú títì ló já sí. Ó já lu Ìjàpá tí ojú ń tì títí dòní, ó já lu Ehoro, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má retí ẹ̀rín púpọ̀ lẹ́nu mi lónìí.

Ìjàpá ra ọkọ̀ kan tó lè wa ara rẹ̀. Ìlà funfun ojú títì ló máa ń tẹ̀ lé. Ẹni tó tà á fún un kìlọ̀: "Má gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn o. Bí o bá gbé e kúrò, ọkọ̀ á máa pariwo."

Lọ́jọ́ kan, àìsàn dá ìyá Ehoro dùbúlẹ̀. Ó ní kí ọmọ òun kan ṣoṣo wá kí òun rí i. Ehoro se mọ́ínmọ́ín dání, ó wọ ọkọ̀ Ìjàpá. Òórùn mọ́ínmọ́ín gba inú ọkọ̀ kan, ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dá Ìjàpá tólótòló. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ráyè. Ló bá há ọsàn ńlá kan mọ́ sítíárìn. Ọkọ̀ rò pé ọwọ́ ni, ó dákẹ́.

"Jẹ́ n tọ́ mọ́ínmọ́ín yìí wò, bóyá iyọ̀ rẹ̀ pé," Ìjàpá wí.

"Ta ni yóò máa wa ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ náà ni. Ó ríran ju èmi àtìwọ lọ."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ṣé mo ti gbé ọ ṣubú rí ni?"

Ehoro gbà á gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó dijú.

Òkété ti sá láfún sójú títì lọ́jọ́ náà, bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti máa ń ṣe, torí ọ̀dà títì máa ń gbóná. Ó tẹ́ ẹ lọ gbọọrọ, ó wá yà á kúrò lójú títì lọ sórí àpáta, létí kòtò àwọn tó ń fọ́ òkúta. Láfún náà funfun báláú. Ọkọ̀ fi ìlà títì sílẹ̀, ó tẹ̀ lé láfún. Mọ́ínmọ́ín kẹta ni Ìjàpá ń tú nígbà tí wọ́n já sí kòtò.

Igbá ẹ̀yìn Ìjàpá gbà á là. Ehoro kò mí mọ́.

Ìjàpá fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, Ehoro ti kú. Ọkọ̀ ló ṣe é. Èmi kọ́ ni mo ń wà á."

Ìyá bi í pé: "Ìjàpá, kí wá ni ọwọ́ rẹ ń ṣe?"

Ìjàpá fa orí sínú igbá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá náà kú, kò rí ọmọ rẹ̀.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi wúwo. Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi máa ń fa orí sínú bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn. Ó rò pé wọ́n tún fẹ́ bi í ní ìbéèrè yẹn ni.