Bí Ajá Onírun Ṣe Kéré Tí Ohùn Rẹ̀ Kò Kéré

Nígbà láéláé, kò sí ajá kékeré láyé. Bákan náà ni gbogbo ajá ṣe ga. Wọ́n ń bá ọdẹ rìn, wọ́n ń sùn síta, kò sì sí ẹni tó ń ya irun wọn.

Opó arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Aṣọ òfì ló ń hun. Ọdẹ ni ọkọ rẹ̀, ajá tó sì fi sílẹ̀ kó tó kú ni Tèmiyémi. Abo ajá ni, ó ga dé ìbàdí ènìyàn.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò gbé e mọ́ dáadáa. Ọyẹ́ ń mú un nídìí òfì, kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Tèmiyémi. Ó rò ó pé bí òun bá jókòó lé e lẹ́sẹ̀, ara ìyá á móoru. Ló bá fò gun itan ìyá. Àga ṣẹ́, òfì wó, ìyá ṣubú, kò sì tètè lè dìde.

Ó dun ajá náà gan-an. Ó kọrí sí etí odò tí Alámọ̀ ń gbé, ẹni tó fi amọ̀ mọ gbogbo ẹranko. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dín òun kù, kí itan arúgbó lè gba òun.

Alámọ̀ wò ó títí. Ó ní, “Ara nìkan ni ọwọ́ mi ká. N kò lè dín ọkàn kù, n kò sì lè dín ohùn kù. Amọ̀ tí mo bá bù kúrò kì í ṣòfò, irun ni màá fi ṣe. Bí wọn ò bá yà á lójoojúmọ́, á ta kókó, á fa awọ rẹ ya, o sì lè ti ibẹ̀ kú. Ṣé o ní ẹni tó máa yà á?”

Ajá ní òun ní. Kò tíì bi ẹni náà.

Alámọ̀ bu ẹran, ó bu egungun. Nígbà tó fi máa kan ẹnu, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó kàn fún ẹnu náà pọ̀, kò yọ eyín kankan, ni eyín bá ń gun ara wọn.

Lójú ọ̀nà ilé, àṣá kan sọ̀ kalẹ̀ láti gbé e. Tèmiyémi gbó o. Àṣá wá ajá ńlá tó ń gbó náà yíká, kò rí i, ẹ̀rù bà á, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Àwẹ̀ró rí ìdì irun tó ń wọlé bọ̀, ó rò pé òkété ni. Ó fi ìgbálẹ̀ lé e jáde. Ajá náà dúró síta nínú ọyẹ́, ó ń gbọ̀n. Ìgbà tí kò mọ ohun tí ì bá ṣe, ó gbó.

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. “Tèmiyémi?”

Ajá ní òun ni. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ irun.

Àwẹ̀ró fọwọ́ kan irun náà. Ó wá ní, “O ò kọ́kọ́ bi mí.”

“Rárá, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Ìyá jókòó, ó gbé e lé itan, ó sì mú òòyà. Irun ti ta kókó kí ajá náà tó délé. Ó rọra ń tú u. Kò pẹ́ tí ara àwọn méjèèjì fi móoru.

Láti ọjọ́ náà ni ajá onírun ti di ajá orí itan. Ọyẹ́ kì í bá a lára mu, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ya irun rẹ̀, wọ́n sì ń fọ eyín rẹ̀ nítorí pé ó há. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá ń kọjá, á dìde lórí itan ẹni tó gbé e, á sì gbó màlúù náà títí yóò fi lọ. Ọkàn rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ara ti kéré.