Bí Ìjàpá Ṣe Kó Ẹgbẹ́ Kúrò ní Pápá Ìdí-Òṣè

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ṣé ohùn yín nìyẹn, àbí oorun ti ń gbé yín lọ? Ààlọ́ o.

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta kété, ó bọ́ sórí pápá. Ó yí gbirigbiri, ó kọlu ebè. Ó wó lu Ìjàpá, ọlọ́gbọ́n tí ọgbọ́n rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ rí. Ẹ fetí sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí ẹnì kan ṣe pàdánù odindi pápá nítorí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹranko ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan. Pápá wọn wà ní ìdí igi òṣè ńlá, òun ni wọ́n fi ń pè é ní Pápá Ìdí-Òṣè. Àwọn bàbá ńlá wọn ló fi pátákò tẹ ilẹ̀ náà títí ó fi tẹ́jú. Ṣùgbọ́n pápá ti gbó. Ìtì igi tí àwọn òǹwòran ń jókòó lé ti jẹrà, ẹ̀gbẹ́ kan sì ti rì wọlẹ̀, débi pé bọ́ọ̀lù a máa yí lọ síbẹ̀ láìsí ẹni tó gbá a. Àwọn àlejò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ìtìjú pọ̀ jù, ẹgbẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan ní kí wọ́n tún pápá ṣe. Àwọn kan ní kí wọ́n kó lọ síbi tó tóbi jù ú lọ.

Erin ni alága. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí orí ńlá tàn yín jẹ, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọpọlọ kún. Erin kò lè pinnu. Ó ṣe ìpàdé lónìí, ó ṣe ìpàdé lọ́la. Ìjàpá ni akọ̀wé, ó sì ń jókòó sí gbogbo ìpàdé náà, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn.

Ìjàpá, tí kò gba bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀! Ilẹ̀ ló ń wò. Ìgbẹ́ ẹran ti ń bọ́ sórí ilẹ̀ yẹn láti ayé bàbá ńlá wọn, ilẹ̀ náà dúdú, ó lọ́ràá. Ó mọ̀ pé iṣu tó bá ta níbẹ̀, ẹranko méjì ni yóò gbé e. Ó sì mọ òfin igbó wọn: ilẹ̀ tí gbogbo onílẹ̀ bá ti kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbin nǹkan síbẹ̀ ló ni ín.

Ni akọ̀wé bá dìde. Ó ní ẹgbẹ́ ńlá kì í gbé ibi kékeré, ó ní òun ti bá wọn rí ilẹ̀ tó yẹ wọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ti la gbogbo wọn lẹ́nu. Ó kó wọn lọ síbi jíjìn kan, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, iyanrìn funfun, kò sí kùkùté kan ṣoṣo. Erin ní irú èyí ni òun ń fẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí igi kankan kò fi hù níbẹ̀. Ojú odò ni. Odò tí í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni. Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń gbé ibẹ̀, ó sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó ń sùn bí ìran rẹ̀ ti í ṣe títí omi yóò fi dé. Ìjàpá fi ẹ̀sọ̀ tẹ orí rẹ̀ kọjá.

Ìgbín nìkan ló kọ̀. Ó ti darúgbó. Láti kékeré ló ti ń jókòó sí ìdí òṣè wo bọ́ọ̀lù, kò sì ní ayọ̀ mìíràn. Ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n tún ti àtijọ́ ṣe, nítorí tí wọ́n bá kó lọ, òun kò ní rí bọ́ọ̀lù mọ́ títí òun yóò fi kú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, kí n má purọ́ fún yín. Ìjàpá ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Nítorí ẹni tó ń fi àyà fà ni odindi ẹgbẹ́ yóò ṣe máa jókòó sórí igi jíjẹrà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àwọn òmùgọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó lọ. Kò sí ẹni tó gbé Ìgbín. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Bàbá arúgbó náà wọ́ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Kò tíì dé àárín pápá tí eruku ọyẹ́ fi gbẹ ẹ́ lára. Ó wọ inú ìkarahun rẹ̀, ó sùn.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ jí i, òkè ló rí níwájú, òkè ló rí lẹ́yìn. Ìjàpá ti yọ́ padà wá, ó ti kọ igba ebè sórí pápá, ó ti gbin iṣu sí gbogbo rẹ̀. Ìgbín gun ebè kan, ó sọ̀ ọ́, òmíràn tún dúró dè é. Oṣù kan lọ, oṣù méjì lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ààlà, agbára rẹ̀ tán, ó sì ké sí Ìjàpá tó ń ro oko.

"Ìjàpá ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbé mi kọjá ààlà yìí. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá rẹ lọ."

Ìjàpá kò tilẹ̀ dúró. "Ìwọ yìí, ẹ̀yìn mi kì í ṣe ọkọ̀ èrò. Ẹni tí kò lè rìn, kó jókòó sílé."

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ìgbín ní ó dáa, òun yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní pápá tuntun, wọ́n ti fi gbogbo àkókò yẹn gé igi, wọ́n kan ìjókòó yí ká. Òjò ń rọ̀, iyanrìn ń mu ún, wọ́n sì ń yin Ìjàpá pé pápá rẹ̀ kì í dá omi dúró. Nínú oṣù Agẹmọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ òdìkejì òkè wá ṣí pápá. Erin gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù kò tíì balẹ̀ tí ariwo fi sọ lókè odò, tí omi sì ya dé, tó gbé ìjókòó, tó gbé bọ́ọ̀lù, tó gbé fìlà alága. Ọ̀pọ̀lọ́ yọrí láàrin omi, ó nu ojú oorun, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe nínú odò. Erin ní kí ló dé tí kò sọ fún àwọn. Ọ̀pọ̀lọ́ ní wọn kò jí òun.

Wọ́n sá padà sí Ìdí-Òṣè, tàwọn tàlejò, omi ń kán lára wọn. Iṣu ni wọ́n bá lórí pápá, ewé rẹ̀ ti bo ilẹ̀. Ìjàpá fọwọ́ lẹ́rán níwájú ebè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Alága, ẹ̀yin náà mọ òfin. Gbogbo yín ti kúrò. Mo gbin nǹkan. Èmi ni mo ni ín."

Erin sorí kọ́. Òfin ni òfin ń jẹ́. Wọn kò ní pápá tuntun, wọn kò ní ti àtijọ́. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà tí ohùn kékeré kan jáde láàrin ebè.

"Ta ló ní gbogbo wa ti kúrò? Èmi ṣì ń lọ ni."

Ìgbín ni. Ìjàpá yára ní irọ́ ni, ó ní Ìgbín ti jáde tipẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọlé ni. Ni Ìgbín bá ní kí wọ́n wo ilẹ̀. Omi ara rẹ̀ ti fa ìlà dídán láti ìdí òṣè, ó gun ebè, ó sọ̀ ọ́, ó tún gun òmíràn, kò sì já níbì kankan. Erin tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ìlà náà parí sábẹ́ Ìgbín. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ààlà.

Pápá kò tíì di àpatì rárá, nígbà tí onílẹ̀ kan ṣì wà lórí rẹ̀. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni Ìjàpá gbin iṣu sí, onílẹ̀ ló sì ni iṣu. Òógùn bo Ìjàpá olóye. Ó sáré lọ kúnlẹ̀ síwájú Ìgbín, ó tẹ ẹ̀yìn sílẹ̀.

"Bàbá mi àtàtà, ẹ gùn mí lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n gbé yín kọjá."

"Má ṣe ìyọnu, ọmọ mi," ni Ìgbín wí. "Mo ti dé."

Ìjàpá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó wa iṣu náà. Tonílé tàlejò sun ún jẹ, wọn kò fún un ní èèpo. Òun náà ló wó igba ebè, òun ló fi yẹ̀pẹ̀ dí ibi tó rì, títí pápá fi tẹ́jú ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n kan ìjókòó tuntun yí ká, wọ́n sì fi Ìgbín sí iwájú.

Láti ọjọ́ náà ni ìgbín ti ń fa ìlà dídán sílẹ̀ níbikíbi tó bá gbà kọjá. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kò sí níbẹ̀. Ìjàpá ńkọ́? Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni ì bá gbé, ì bá jogún pápá. Ahun kò jẹ́ kó gbé e.

Ibi tí mo ti bá àlọ́ yìí ni mo gbé e sí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá gbọ́n ju Ìjàpá lọ wá já mi.