Olúgbódi àti Omi Àsunrọ̀

Ní ìgbà láéláé, kí àwọn tó bí àwọn baba ńlá wa tó dáyé, ọkùnrin kan wà ní Ìgbóńlá tí wọ́n ń pè ní Olúgbódi, nítorí ìka mẹ́fà ló bá wáyé lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ má fojú kékeré wo orúkọ yẹn o. Olúgbódi oníka mẹ́fà, ọ̀ta, ìyẹn ògbóǹtarìgì atayò, tí í na àwọn ọ̀ta láyò, ẹni tí í jókòó ti ọpọ́n tí àwọn akọni á rántí pé àwọn níṣẹ́ nílé! Ohun tí ẹlòmíràn ń fi ọkọ́ wá, tí ẹlòmíràn ń fi idà wá, ọmọ ayò ló fi wá a, ó fi jẹun, ó sì fi gbayì.

Agbálé, ìlú tó wà lódìkejì òkè, ló ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ Akínṣọwọ́n, àgbà ọ̀ta tí kò lẹ́gbẹ́ nígbà náà. Ó roko fún un, ó ṣẹ́gi fún un, ìyàwó bàbá náà sì ń bọ́ ọ bí ọmọ inú rẹ̀. Akínṣọwọ́n kò tètè jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọpọ́n. Yóò ní kí ó kẹ̀yìn sí i, yóò ta ayò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó máa fetí gbọ́ ọ, yóò wá bi í pé, "Ọmọ mélòó ló kù nílé tí mo ti kó?" Bí Olúgbódi bá ṣì í, ó di oko.

Nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, ó ń ti ọjà dé ọjà. Ó na ọ̀ta Ìjàrọ̀ títí onítọ̀hún fi gbé ọpọ́n rẹ̀ fún àwọn adìyẹ kí wọ́n máa fi mumi. Àwọn ọba ń ránṣẹ́ pè é, kò sì sẹ́ni tó borí rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá ta rí, ọ̀gá rẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀.

Ọ̀dá wá dá. Gbogbo odò gbẹ, ó ku ìsun Àsunrọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, kò sì tó wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń pọ́n àdá. Àwọn ọba méjèèjì pàdé, wọ́n fẹnu kò pé kí ayò parí ìjà. Ìlú tí ọ̀ta rẹ̀ bá borí ni yóò ni omi, èyí tó bá pàdánù kò gbọdọ̀ bu ẹ̀kán kan níbẹ̀. Agbálé mú Akínṣọwọ́n wá. Ìgbóńlá mú Olúgbódi wá.

Ẹ̀rù ba Olúgbódi, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ìyá tó bí i ń jìyà òǹgbẹ lẹ́yìn rẹ̀, ìyá tó bọ́ ọ sì jókòó sí iwájú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó dìde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n ta débi pé àwọn òǹwòran gbàgbé láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, Akínṣọwọ́n kó odù, ìyẹn ilé tí ọmọ ti pọ̀ nínú rẹ̀ jọjọ, ó ń gbìn ín yí ọpọ́n ká. Òfin ayò ni pé bí ọmọ bá pọ̀ tó láti yí i ká, ẹni tó ń ta gbọ́dọ̀ fo ilé tó ti kó o. Ọwọ́ àgbà kò fò ó. Ọmọ kan bọ́ síbẹ̀, ìyókù wá tò síbi tí kò yẹ, bàbá náà jẹ ilé mẹ́ta, Agbálé sì hó yèè.

Olúgbódi nìkan ló rí i. Bó bá pariwo, olè ló pe ọ̀gá rẹ̀ lójú ayé, àdá á sì jáde. Bó bá dákẹ́, omi ti lọ. Ó tẹríba.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí. Ọmọ mélòó ló kù nílé tí ẹ ti kó?"

Akínṣọwọ́n wo ọpọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹyọ kan ni," ó ní. "Kò sì yẹ kó wà níbẹ̀."

Àwọn ìjòyè Agbálé fò dìde, wọ́n ní kí ó panu mọ́. Ó na ọwọ́ sí wọn.

"Ẹ jókòó. Ọwọ́ mi ló ṣì. Mi ò fi irọ́ di ọ̀ta, mi ò ní í fi irọ́ ṣe é lógbó."

Ó dá ohun tó jẹ padà, ó tún odù náà gbìn bó ṣe tọ́, kò sì rí ilé kankan jẹ. Olúgbódi kó tirẹ̀, ìka mẹ́fà ń lọ bí ẹni ń fúnrúgbìn, ó jẹ, ó tún jẹ, ayò sì parí. Ìgbóńlá gbé e sókè.

Ọba Ìgbóńlá pàṣẹ pé kí wọ́n lé àwọn ará Agbálé kúrò létí omi. Olúgbódi ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ká ní bàbá yìí sẹ́, ta ni ì bá gbà mí gbọ́ ní Agbálé? Àwa là bá máa gbé ìkòkò òfìfo relé. Òótọ́ ẹnu rẹ̀ ló fún wa lómi. Mi ò lè fi òótọ́ rẹ̀ pa á lóǹgbẹ. Bí Agbálé kò bá ní í mu, èmi náà kò ní í mu."

Ọba na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí i.

"Ìwọ lo gba omi náà," ó ní. "Bí o bá ṣe fẹ́ kó rí, bẹ́ẹ̀ ni kó rí."

Olúgbódi gba igbá, ó bu omi, ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbé e fún. Láti ọjọ́ náà ni ìlú méjèèjì ti ń fi igbá wọn omi náà pín, díẹ̀díẹ̀, títí òjò fi rọ̀.

Ó dàgbà, ó darúgbó, ó kọ́ ọmọ ìlú méjèèjì láyò. Nígbà tó kú, Ìgbóńlá ní àwọn ló ni òkú, Agbálé ní àwọn ni, wọ́n sì sin ín sí etí Àsunrọ̀, níbi tí Akínṣọwọ́n ti sùn ṣáájú. Wọ́n gbẹ́ ọpọ́n ayò sára àpáta tó wà níbẹ̀, kò tíì parẹ́. Ẹni tó bá sì débi omi náà lónìí, ará Ìgbóńlá ni o, ará Agbálé ni o, á kọ́kọ́ bu omi fún ará ìlú kejì kó tó mu tirẹ̀.