Ẹni Tí Yóò Lọ Ròyìn

Pọ́ńpù tí a fi ń fín oògùn wà lẹ́yìn Ọdẹ́yalé, kòkòrò ń já bọ́ lára ẹ̀wà bí èso tí ìjì gbọ̀n, ó sì ń ké sí àwọn ará oko pé kí wọ́n wá wòran. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni òwe ìlú wa kan ti ṣẹ̀: “Èyí tí kò kú ló ń bímọ.” Bí àlejò bá gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni yóò rín. Ta ni kò mọ̀ pé òkú kì í bímọ?

Ọdẹ́yalé kò mọ̀.

Ẹ̀wà pupa ni ó gbìn. Ìyá rẹ̀ ló fi irúgbìn náà lé e lọ́wọ́ kí ó tó kú, kò sì sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo àgbègbè wa. Ọdọọdún ni kòkòrò ń bá a jẹ ẹ́. Lọ́dún yẹn ó ra oògùn tuntun, ọmọrí ìgò kan sí omi pọ́ńpù kan. Kí oòrùn tó mú, ilẹ̀ ti dúdú fún òkú kòkòrò.

Ìyá Àwẹ̀ró, tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ewé.

“Ọdẹ́yalé, mẹ́ta ṣì ń rìn níbí.”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ìyá. Bí ogun bá pa ìlú run, ṣé wọn kì í dá ẹnìkan sí kí ó lọ ròyìn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sọ nílé pé Ọdẹ́yalé ti ra oògùn.”

Gbogbo oko rẹ́rìn-ín.

“Fi ọwọ́ ṣà wọ́n, kí o tẹ̀ wọ́n pa.”

“Nítorí kòkòrò mẹ́ta? Adìẹ yín gan-an kò ní yó.”

Lọ́dún yẹn àká rẹ̀ kún.

Lọ́dún kejì ó fín oògùn, ìdajì péré ló já bọ́. Ó sọ ọmọrí kan di méjì. Lọ́dún kẹta ó sọ ọ́ di mẹ́rin, kòkòrò sì ń jẹun lọ. Ìyá Àwẹ̀ró dúró sí ẹ̀bá oko.

“Wọ́n ti ròyìn dé,” ló wí.

“Oògùn ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.”

Ìyá Àwẹ̀ró ṣa kòkòrò márùn-ún wá láti oko tirẹ̀, tí a kò fín rí, ó kó wọn sínú igbá. Ó ní kí Ọdẹ́yalé kó márùn-ún tirẹ̀ sínú igbá mìíràn. Inú ìgò kan náà ni wọ́n ti bu oògùn wọ́n igbá méjèèjì. Gbogbo wa yí igbá ká, a ń kà. Kòkòrò ti Ìyá Àwẹ̀ró kú kí a tó ka ogún. Ti Ọdẹ́yalé gun etí igbá, wọ́n ń wá ewé kiri.

“Mẹ́ta yẹn,” ni Ọdẹ́yalé wí. Ó jókòó sílẹ̀.

“Mẹ́ta yẹn, àti irú wọn tí a kò rí. Gbogbo èyí tí oògùn lè pa lo ti pa. Èyí tí kò lè pa lo fi sílẹ̀ kí wọ́n máa fẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa bí irú wọn.”

Ọdẹ́yalé bọ́ pọ́ńpù sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo wa fi ọwọ́ ṣa kòkòrò, tọkùnrin tobìnrin, à ń sáré, à ń pariwo iye tí a rí. Ó ti pẹ́ jù. Igi ẹ̀wà gbígbẹ ló kún oko, àfi ìdí ẹ̀wà mọ́kànlá ní igun kan, tí kòkòrò jẹ tí kò kú.

Ọdẹ́yalé já èso wọn nígbà tí ó gbẹ. Ebi wà nílé rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo ẹ̀wà.

“Má sè é,” ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. “Èyí tí kò kú ló ń bímọ.”

Ọdẹ́yalé kó o pamọ́ fún irúgbìn. Ẹ̀wà pupa tó kù kò kún igbá kan.