Ẹnu Alága Lórí Táǹkì

Múráínà, alága àwọn ọlọ́kadà ní Ṣakí, ní kí wọ́n ya ojú òun tó ń rẹ́rìn-ín sára táǹkì ọ̀kadà rẹ̀, àfi bí Fàlílátù tó ń ta bẹntiróòlù ṣe da epo sí àwòrán náà lára tí ọ̀dà bó, tí ẹnu alága sì pa rẹ́. “Dá ẹnu mi padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ báyìí-báyìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọlọ́kadà kankan ò ní rà lọ́wọ́ ẹ mọ́!” Fàlílátù fi omi ọṣẹ fọ táǹkì, ó yá búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà lọ́wọ́ káfíńtà kan nítòsí, ó sì gbé àpótí kalẹ̀. “Ẹ jókòó, Alága, ẹ rẹ́rìn-ín kí n máa wò ó yà.” “Orí ẹ dàrú ni?” “Ẹ má bínú, sà. Tí mo bá ya ojú tí mò ń wò yìí, ẹ̀yin gan-an á sá fún ọ̀kadà yín.” Alága fipá yọ eyín. “Rárá o, ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n lèyí jọ. Ẹ tún un ṣe.” Àwọn ọlọ́kadà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, alága náà ò lè mú un mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyẹn gan-an ni! Ẹ má pa ẹnu dé títí màá fi yà á tán.” “Gbé búrọ́ọ̀ṣì ẹ jìnnà sí mi, jàre, rọ epo!” Bó ṣe gun ọ̀kadà lọ láì jẹ́ kí wọ́n ya ẹnu náà nìyẹn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ní alága orí táǹkì làwọn máa dìbò fún, torí kò lẹ́nu tó máa fi jágbe mọ́ àwọn.